Jẹnẹrétọ̀ àbí sólà, éésì àlòkù àbí tuntun, èédú àbí gáàsì: ìfiwéra fún ilé tó wà l'Ékòó

Ẹni tó bá ń wá ìmọ̀ràn lórí bí ilé ṣe lè dín afẹ́fẹ́ tó ń mú ayé gbóná kù, ohun tí wọ́n kọ fún ará ìlú òtútù ló sábà máa ń kọ́kọ́ rí: bí ooru kò ṣe ní gba ara ògiri jáde, bí wọ́n ṣe máa pààrọ̀ ẹ̀rọ tó ń mú ilé móoru. Ìyẹn kò kan ará Èkó. Tiwa ni jẹnẹrétọ̀ tó ń ké lẹ́yìn fèrèsé, éésì tó ń jò láì sẹ́ni tó fura, àti èédú tó ti jẹ igbó Òkè-Ògùn kó tó dé Mushin. Nítorí náà ni mo ṣe to àwọn nǹkan tí à ń yàn nínú wọn jọ síbí, ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ èkejì, kí ẹni tó fẹ́ náwó lè mọ ibi tó yẹ kó kọ́kọ́ ná an sí.

Ohun tó dá mi lójú ni pé èyí tí a bá kọ́kọ́ ṣe ṣe pàtàkì bí ohun tí a rà. Ẹ kọ́kọ́ dín iná tí ilé ń jẹ kù, kí ẹ tó lọ ra sólà. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń ṣe é sẹ́yìn-sẹ́yìn, owó wọn sì ń lọ sí i.

Ibi tí iná ti ń wá

Líta bẹntiróòlù kan tó bá jóná tán máa ń di nǹkan bíi kílò 2.3 afẹ́fẹ́ kábọ́ọ̀nù, èyí tó ń mú ayé gbóná. Ti dísù jẹ́ bíi kílò 2.7. Ó máa ń ya èèyàn lẹ́nu pé líta epo tí kò wúwo tó kílò kan lè bí ohun tó ju kílò 2 lọ, ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀ gan-an ló rí: kábọ́ọ̀nù inú epo lọ so mọ́ ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́, ọ́síjìn yìí ló sì kó èyí tó pọ̀ jù nínú ìwúwo náà wá.

Ẹ wo ìdílé kan ní Surulere tó ń tan jẹnẹrétọ̀ láti aago 7 sí aago 10 alẹ́, tó sì ń jó líta 3 lálẹ́ ọjọ́ kọ̀ọ̀kan. Láàárín ọdún kan, líta 1,095 nìyẹn. Afẹ́fẹ́ kábọ́ọ̀nù tó ti inú ilé kan ṣoṣo yìí jáde ti lé ní kílò 2,500, ìyẹn tọ́ọ̀nù 2 ààbọ̀, a ò tíì ka ti iná NEPA, a ò tíì ka ti ilé ìdáná.

Tí a bá wá fi yúníìtì iná (kWh) kọ̀ọ̀kan wé ara wọn, báyìí ni wọ́n ṣe tò:

| Ibi tí iná ti wá | Kábọ́ọ̀nù fún yúníìtì 1 (ìdíwọ̀n) |
|---|---|
| Jẹnẹrétọ̀ kékeré oníbẹntiróòlù | kílò 1 sí 1.5, nígbà mìíràn ó jù bẹ́ẹ̀ lọ |
| Jẹnẹrétọ̀ ńlá onídísù | bíi kílò 0.9 |
| Iná NEPA | bíi kílò 0.4 |
| Sólà | bíi kílò 0.05, láti ibi tí wọ́n ti ṣe é ni |

Iná NEPA kéré ju ti jẹnẹrétọ̀ lọ nítorí pé gáàsì àti omi ló ń pèsè èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ilé iṣẹ́ iná Egbin tó wà ní Ìkòròdú, tí wọ́n kọ́ láti máa pèsè mẹgawáàtì 1,320, gáàsì ló ń jó. Kainji, Jebba àti Shiroro, omi ló ń yí wọn. Sólà kì í tú nǹkan kan jáde tó bá ti wà lórí òrùlé. Ohun tí wọ́n jó nílé iṣẹ́ tí wọ́n ti ṣe pánẹ́ẹ̀lì la pín sórí ọdún bíi 25 tó máa lò, òun ló jẹ́ kílò 0.05 yẹn.

Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí gbogbo ayé ń pè ní I-better-pass-my-neighbour ló burú jù nínú wọn. Ọ́ìlì la máa ń pò mọ́ bẹntiróòlù rẹ̀, ó sì ń jó méjèèjì pọ̀, ìdí nìyẹn tí èéfín rẹ̀ fi nípọn. Mi ò lè kọjá láì sọ èyí: èéfín jẹnẹrétọ̀ yòówù kó jẹ́ ní gáàsì olóró kan tí kò ní òórùn, tó máa ń pa odidi ìdílé mọ́jú. Kò sí ìfiwéra kankan níbẹ̀. Kò gbọdọ̀ wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, kò gbọdọ̀ wà ní bálíkónì, kò gbọdọ̀ wà lábẹ́ fèrèsé ẹnikẹ́ni.

Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, nígbà tí wọ́n gbé owó iná àwọn tó wà ní Band A (àwọn tí iná máa ń pẹ́ jù lọ́dọ̀ wọn lójúmọ́) lọ sí ₦225 fún yúníìtì kan, ọ̀pọ̀ èèyàn fárígá pé jẹnẹrétọ̀ sàn ju ìyẹn lọ. Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò rẹ̀. Líta bẹntiróòlù kan nínú jẹnẹrétọ̀ ilé máa ń mú bíi yúníìtì 2 wá tí ẹrù bá wà lórí rẹ̀ dáadáa. Bí líta bá jẹ́ ₦900, yúníìtì kan ti di ₦450, láìka ọ́ìlì, pọ́lọ́ọ̀gì àti owó mẹkáníìkì. Nítorí náà, bí iná Band A ṣe wọ́n tó un, ṣé ó wọ́n ju jẹnẹrétọ̀ lọ? Rárá o, ìdajì owó rẹ̀ ni, kábọ́ọ̀nù rẹ̀ kò sì tó ìdajì.

Mo ní "tí ẹrù bá wà lórí rẹ̀ dáadáa" nítorí pé ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ epo ń ṣòfò sí. Jẹnẹrétọ̀ tó lè gbé éésì, tí a wá tàn mọ́jú nítorí fáànù kan àti gílóòbù méjì, kò ní jó epo tó kéré bí iṣẹ́ tó ń ṣe ṣe kéré. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ gbọ́dọ̀ máa yí, bí a lo iná bí a ò lò ó. Níbẹ̀, líta kan lè má mú yúníìtì 1 wá.

Èyí ló mú ínfátà tí kò ní sólà wọ inú ọ̀rọ̀. Ó pọ̀ ní Yaba, Gbàgádà àti Ògbà: bátìrì wà, ínfátà wà, kò sí pánẹ́ẹ̀lì. Iná NEPA ló ń gbé pamọ́, bíi ìdá 15 sí 20 nínú 100 sì máa ń ṣòfò lójú ọ̀nà kó tó padà jáde. Síbẹ̀, tí ó bá jẹ́ pé jẹnẹrétọ̀ ló máa rọ́pò, ínfátà borí. Kódà ilé tí NEPA kì í mú iná dé rárá lè tan jẹnẹrétọ̀ fún wákàtí 2 nírọ̀lẹ́, kó fi gba bátìrì, kó fi fa omi, kó fi lọ aṣọ, gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kó sì pa á. Bátìrì ló máa gbé fáànù àti gílóòbù mọ́jú. Epo tó máa jó kò ní tó ti ẹni tó tàn án títí ilẹ̀ fi mọ́.

Kí ẹ tó ra sólà

Gílóòbù àtijọ́ tó máa ń gbóná, wáàtì 60. LED tó mọ́lẹ̀ tó o, wáàtì 9. Kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀, ẹ yí gbogbo rẹ̀ padà lọ́sẹ̀ yìí. Fáànù onídúró máa ń jẹ bíi wáàtì 60. Àwọn tó ń lo mọ́tọ̀ DC lè má ju bíi 30 lọ, wọ́n sì máa ń san owó ara wọn padà fún ẹni tó ń lo bátìrì. Fíríìjì tókùnbọ̀ tí rọ́bà ẹnu ilẹ̀kùn rẹ̀ ti là ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru láì tutù. Tí ẹ bá fi bébà há ẹnu rẹ̀, tí bébà sì yọ wọ́ọ́rọ́, ẹ pààrọ̀ rọ́bà náà.

Gbogbo ìwọ̀nyí ni kí ẹ ṣe kí oníṣẹ́ sólà tó wá ka ẹrù ilé. Ìdí ni pé yúníìtì kọ̀ọ̀kan tí ẹ bá dín kù ni pánẹ́ẹ̀lì àti bátìrì tí ẹ kò ní rà.

Oòrùn Èkó kì í ṣe ti Kánò. Tí a bá pa gbogbo ọjọ́ pọ̀, ó dà bíi wákàtí 4 oòrùn tó lé kenkà lójúmọ́. Pánẹ́ẹ̀lì wáàtì 550 kan á mú bíi yúníìtì 2 wá lójúmọ́. Ní oṣù kẹfà àti ìkeje, nígbà tí òjò kò jẹ́ kí a rójú ọ̀run, kò ní tó bẹ́ẹ̀, nígbà ọyẹ́ sì rèé, eruku máa ń bò ó. Ẹni tó bá sọ fún yín pé pánẹ́ẹ̀lì mẹ́rin máa gbé éésì méjì láti alẹ́ di òwúrọ̀ ń tan yín. Ẹ ní kó kọ ọ́ sílẹ̀: yúníìtì mélòó ni pánẹ́ẹ̀lì máa mú wá ní oṣù keje, mélòó ni bátìrì lè gbé, mélòó ni ilé ń jẹ.

Ibi tí ilé wà náà máa ń yí ìpinnu padà. Ní Ìsàlẹ̀ Èkó àti Lafiaji, ilé fara ti ilé. Ilé alájà mẹ́ta tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ lè bo òrùlé yín mọ́lẹ̀ láti aago 2 ọ̀sán, òjìji tó bo igun pánẹ́ẹ̀lì kan péré sì lè fa àwọn yòókù sẹ́yìn. Ẹ gun òrùlé lọ wò ó láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ kí ẹ tó sanwó. Tó bá jẹ́ ilé ẹbí, ẹ lọ bá olórí ẹbí kí ẹ tó kan ìṣó kankan, kí ọ̀rọ̀ má baà di ti ìpàdé ẹbí lẹ́yìn tí owó ti bọ́ sí i. Ní Lẹ́kí àti Ajah, iyọ̀ inú atẹ́gùn òkun máa ń jẹ irin. Alumíníọ̀mù àti bóòtù tí kì í dógùn-ún ni kí wọ́n fi gbé pánẹ́ẹ̀lì. Gúúsù ni kí ojú rẹ̀ kọ sí, kó dagun díẹ̀ kí òjò lè máa fọ̀ ọ́.

Bátìrì wá ńkọ́? Èyí tó ń lo òjé àti ásíìdì, tí wọ́n ń pè ní túbúlà, owó rẹ̀ kéré lójú. Ṣùgbọ́n bátìrì fólíìtì 12 tó jẹ́ 200Ah, tí wọ́n ní ó gba yúníìtì 2.4, ìdajì rẹ̀ ni ẹ lè lò tí ẹ kò bá fẹ́ kó tètè kú. Lítíọ́ọ̀mù ṣeé lò dé bíi ìdá 80 tàbí 90 nínú 100, ẹ sì lè gbà á kẹ́ ẹ tú u ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà. Ẹni tó máa lò ó ju ọdún mẹ́ta lọ, lítíọ́ọ̀mù ni mo máa ní kó rà, kódà tó bá máa fi oṣù díẹ̀ tọ́jú owó sí i. Ìdí kejì ni òjé yẹn fúnra rẹ̀. Bátìrì tó bá kú, àwọn tó ń ra irin àlòkù ló ń gbé e. Ọ̀pọ̀ wọn á fọ́ ọ, wọ́n á da ásíìdì sí gọ́tà, wọ́n á yọ́ òjé rẹ̀ ní gbangba, òjé a sì máa ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́. Ẹni tó bá ṣì ní túbúlà, kó dá a padà fún ẹni tó tà á, kó má gbé e fún ẹni tó ń fi kẹ̀kẹ́ ẹrù kiri.

Éésì: iná tó ń jẹ, àti gáàsì inú rẹ̀

Ibi tí ẹnikẹ́ni kì í wò nìyí, ibẹ̀ sì ni mo fẹ́ ká dúró sí.

Éésì HP 1.5 àtijọ́ máa ń fa bíi wáàtì 1,200 nígbàkigbà tí kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ rẹ̀ bá ń ṣiṣẹ́: ó tàn, ó kú, ó tún tàn. Èyí tó jẹ́ ínfátà máa ń fi agbára bẹ̀rẹ̀, tí yàrá bá sì ti tutù, á rọra máa lọ. Nínú yàrá tó tì dáadáa, láàárín wákàtí 8 alẹ́, ti àtijọ́ lè jẹ bíi yúníìtì 6 sí 7, ti ínfátà bíi 3 sí 4. Ẹni tó ń lo iná Band A á rí i lójú mítà kí oṣù tó pé.

Gáàsì tó ń mú éésì tutù ni ìyókù. Èyí tó ń jẹ́ R22 wà nínú ọ̀pọ̀ éésì tókùnbọ̀ tí wọ́n ń tà ní Alábà. Kílò kan rẹ̀ tó bá jò jáde máa ń mú ayé gbóná bíi kílò 1,810 afẹ́fẹ́ kábọ́ọ̀nù, ó sì tún ń jẹ ìbòrí ósóònù tó ń dáàbò bò wá lọ́wọ́ oòrùn. Àdéhùn Montreal ti ọdún 1987 ló ń lé e kúrò lọ́jà. Ọdún 2030 ni àwọn orílẹ̀-èdè bíi tiwa gbọ́dọ̀ ti pa á tì, àfi ìwọ̀nba tó kù fún àtúnṣe. R410A tó rọ́pò rẹ̀ kì í jẹ ósóònù, ṣùgbọ́n tirẹ̀ jẹ́ kílò 2,088. Ti R32 jẹ́ kílò 675. R290, tó jẹ́ ẹbí gáàsì ìdáná, kò tó nǹkan kan rárá. Nítorí irú R410A yìí ni àwọn orílẹ̀-èdè ṣe tún pàdé ní Kigali lọ́dún 2016 láti fi kún àdéhùn Montreal.

Ẹ rántí ìdílé Surulere tó ń jó líta 1,095 lọ́dún. Kílò kan R410A, tó jẹ́ bí ohun tó wà nínú éésì HP 1.5 kan, tó bá jò tán, ó tó bíi líta bẹntiróòlù 900. Éésì kan ṣoṣo, láìka iná tó jẹ.

Ìdí nìyí tí mo fi ń bẹ̀ yín: gáàsì éésì kì í tán bí epo ṣe ń tán nínú ọkọ̀. Ńṣe ló máa ń yí po nínú páìpù, ó yẹ kó wà níbẹ̀ títí éésì fi máa kú. Tó bá dín kù, ó jò ni. Oníṣẹ́ éésì tó ń wá lọ́dọọdún wá "bu gáàsì sí i" láì wá ibi tó ti ń jò ń da gáàsì sójú ọ̀run, owó yín ló sì fi ń rà á. Ẹ ní kó fi ọṣẹ wá ibi tó ń hó ní àwọn oríkèé páìpù, kó dí i, kó tó bu òmíràn sí i. Tó bá sì fẹ́ tú éésì, kó gba gáàsì rẹ̀ sínú sílíńdà, kó má kàn ṣí i sáfẹ́fẹ́ kó ṣe pàà lọ.

Tí mo bá wá tò wọ́n: éésì tuntun onínfátà tó ń lo R32 tàbí R290 ló ṣáájú. Àwọn gáàsì méjèèjì yìí lè gbiná, R290 ju R32 lọ, nítorí náà ẹni tó kọ́ iṣẹ́ wọn ni kó fi wọ́n síbẹ̀. Éésì àtijọ́ tó ti wà nílé tí kò jò, ẹ máa lò ó, ẹ gbé e sí 25 tàbí 26, kí fáànù ràn án lọ́wọ́. Tókùnbọ̀ ni mi ò lè sọ pé kí ẹnikẹ́ni rà. Ẹni tí owó rẹ̀ kò bá tíì tó tuntun, kó ra fáànù: owó iná éésì kan á gbé fáànù 20.

Ilé ìdáná

Èédú ni mo kà sí èyí tó burú jù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn kan ń sọ pé igi ló ti wá, igi á sì tún hù. Igi emi tí wọ́n gé ní Ṣakí tàbí Ìgbẹ́tì kì í hù padà láàárín ọdún méjì. Nínú ebu tí wọ́n fi iyẹ̀pẹ̀ bò, kílò igi bíi 5 sí 7 ló ń di kílò èédú kan. Ìyókù ti di èéfín, mẹ́tẹ́ènì, gáàsì mìíràn tó ń mú ayé gbóná, sì wà nínú èéfín náà. Ká tó dáná rẹ̀ nìyẹn.

Kẹrosíìnì tú bíi kílò 2.5 jáde fún líta kan, sítóòfù olówùú sì ń fi púpọ̀ nínú ooru rẹ̀ ṣòfò sí ẹ̀gbẹ́ ìkòkò, yàtọ̀ sí èéfín dúdú tó ń lọ sí àyà ìyá àti ọmọ. Gáàsì tú bíi kílò 3 jáde fún kílò kan, sílíńdà 12.5 kan á jẹ́ bíi kílò 37. Lójú, ó dà bíi pé gáàsì pọ̀ jù, ṣùgbọ́n ooru rẹ̀ lọ sí ìdí ìkòkò, kò sì ní èéfín. Ẹni tó wà lórí èédú tàbí kẹrosíìnì, gáàsì ni kó lọ bá. Gáàsì wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ilẹ̀ ló máa ń sùn sí tó bá jò, nítorí náà ìta ni kí sílíńdà wà.

Ìkòkò oníná tó ń há ooru mọ́nú kí ẹ̀wà lè tètè jinná (pressure cooker) dáa fún ilé tí iná NEPA wà pẹ́, ó sì dáa jù fún ilé tó ní sólà, tí wọ́n bá se é lọ́sàn-án. Ilé tó ń lo jẹnẹrétọ̀ kò gbọdọ̀ dán an wò. Èyíkéyìí tí ẹ bá ń lò, ẹ rẹ ẹ̀wà sómi mọ́jú.

Ilé fúnra rẹ̀

Ilé tí àwọn Àgùdà kọ́ sí Èkó lẹ́yìn tí wọ́n ti Brazil dé ní ògiri tó nípọn, sílìǹgì tó ga, fèrèsé tó kọjú síra wọn. Atẹ́gùn ń gba ojú kan wọlé, ó ń gba òmíràn jáde. Water House tó wà ní òpópónà Kakawa, ti ọdún 1885, ṣì wà níbẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ lọ wò ó. Ilojo Bar, ilé Àgùdà mìíràn, ti ọdún 1855, wọ́n wó o ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2016, ó sì dùn mí títí di òní. Ẹ fi wọ́n wé àwọn ilé gíláàsì dúdú tó wà ní Victoria Island, tí fèrèsé wọn kì í ṣí rárá: tí iná bá lọ, kò sẹ́ni tó lè mí nínú wọn, nítorí náà jẹnẹrétọ̀ onídísù kò gbọdọ̀ sinmi.

Wíwó ilé àtijọ́ láti kọ́ tuntun ní gbèsè tirẹ̀ pẹ̀lú. Àpò sìmẹ́ǹtì kan ti tú bíi kílò 30 kábọ́ọ̀nù jáde kó tó kúrò nílé iṣẹ́. Ilé tó bá gba àpò 1,000, tọ́ọ̀nù 30 ti lọ kí ẹnikẹ́ni tó wọ inú rẹ̀. Níbi tí ìpìlẹ̀ àti ògiri bá ṣì lágbára, àtúnṣe ló yẹ.

Fún ẹni tó ń kọ́lé lọ́wọ́: òrùlé aláwọ̀ funfun tàbí eérú fẹ́ẹ́rẹ́ sàn ju dúdú àti kọfí tó gbòde lọ, nítorí pé dúdú ń mu oòrùn. Fèrèsé tó ṣí gbayawu sàn ju èyí tí à ń tì sẹ́gbẹ̀ẹ́, tó jẹ́ pé ìdajì rẹ̀ ló máa ń ṣí.

Ayálégbé kò ní àṣẹ lórí òrùlé, mo mọ̀. Torí sólà ni ọ̀pọ̀ wọn ṣe ń bá onílé jà lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ kó jáde. Ẹ kọ ọ́ sínú àdéhùn ilé kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀: pé ayálégbé ló ni pánẹ́ẹ̀lì, bátìrì àti ínfátà, pé yóò kó wọn lọ, yóò sì dí ihò tí wọ́n bá lu sára páànù. Kí ẹ̀yin méjèèjì fọwọ́ sí i, kí ẹnì kọ̀ọ̀kan mú ẹ̀dà tirẹ̀.